Kòkòrò Abẹ́-Òkúta àti Ibòji Odò: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ilẹ̀ Yàgbà

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà láàárín àwọn òkè àpáta Yàgbà, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì jọ ń gbé pọ̀, omi kan náà ni wọ́n sì jọ ń mu. Láti ìdí àpáta ńlá kan ni omi ọ̀hún ti ń sun, tó ń ṣàn gba orí òkúta kọjá lẹ́yìn ìlú kí ó tó lọ dà pọ̀ mọ́ odò tó tóbi jù ú lọ. Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó láti ìsun wá: àràbà, ọ̀gànwó, ìrókò díẹ̀, ọ̀gọ̀rọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, pẹ̀lú àwọn ìtàkùn tó dí pọ̀ débi pé oòrùn ọ̀sán gangan kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú omi. Lẹ́yìn igbó yìí, oko ló kù: iṣu, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà àti kajú. Omi náà kì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí kànga ẹ̀rọ tó wà láàárín ìlú bá bàjẹ́, èyí tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń padà sí.

Nígbà tí wọ́n ké sí wa, kajú ti ń lé igbó náà sẹ́yìn. Owó kajú dára ní Kogí, kò sì sí ẹni tó lè bá àgbẹ̀ wí pé ó fẹ́ fi igi tó ń mówó wọlé rọ́pò igi tí kò mú nǹkan kan wá fún un. Ẹ̀rọ ìgégi ti wọ ìsàlẹ̀ odò, wọ́n ti gé àwọn igi ńlá, wọ́n ti sun ìyókù, kajú sì ti dé bèbè. Àwọn tó ń fọ́n oògùn koríko sí oko wọn a máa ṣan pọ́ǹpù nínú omi tó ń ṣàn, nítorí ibẹ̀ ló súnmọ́ wọn jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, tí omi fà sẹ́yìn sínú ibú, àwọn kan a máa da oògùn apakòkòrò sí i láti fi pa ẹja lóru.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní ilé-ìwé girama ìlú náà ló ránṣẹ́ sí àwa tí a ń ran àwọn ìlú kéékèèké lọ́wọ́ lórí ìtọ́jú omi àti igbó. Ó ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí apá òkè odò, wọ́n ń yí òkúta padà láti wo ohun tó ń gbé abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rí kòkòrò kan tí kò sí nínú ìwé tó fi ń kọ́ wọn. Ara kòkòrò náà pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ní ìrù méjì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, èékánná méjì wà ní ìparí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun kan tó funfun sì rú wúruwùru ní ìsàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ àyà. Ohun wúruwùru yẹn ló fi ń mí. Bí a ti rí i ni a mọ̀ pé ọ̀wọ́ Plecoptera ni, àwọn kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní stonefly, tí a óò máa pè ní kòkòrò abẹ́-òkúta nínú àkọsílẹ̀ yìí. Inú omi ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Bí ó bá tó àkókò, yóò rá gòkè sórí òkúta, awọ rẹ̀ yóò là lẹ́yìn, yóò sì jáde pẹ̀lú ìyẹ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà olóoru, ẹ̀yà Neoperla ni a sábà máa ń rí. A kò sọ pé ti ìlú yìí jẹ́ irú tuntun tí ayé kò tíì rí rí, ìyẹn di ọwọ́ àwọn tó ń fi gíláàsì wo ara kòkòrò. Ohun tí a lè sọ ni pé a yí òkúta ní àwọn odò mìíràn tó wà nítòsí, àwọn tí igi ti kúrò létí wọn, a kò sì rí i níbẹ̀. Odò yìí nìkan ló ṣẹ́ kù fún un lágbègbè ọ̀hún.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló béèrè ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ní gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó ti kà lórí fóònù pé òtútù ni irú kòkòrò yìí ń fẹ́, pé ìbátan rẹ̀ kan ń gbé létí yìnyín ní Amẹ́ríkà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni kòkòrò òtútù ṣe wá dé Kogí?”

Òtítọ́ ni ohun tí ọmọ náà kà. Ní ọgbà ìpamọ́ Glacier National Park, ní ìpínlẹ̀ Montana, kòkòrò abẹ́-òkúta kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lednia tumana. Ó ń gbé nínú omi tó ń yọ́ jáde láti abẹ́ yìnyín orí òkè, omi tó tutù débi pé ooru rẹ̀ kì í sábà kọjá ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní 1850, yìnyín ńláńlá tó wà níbẹ̀ tó bí 150. Nígbà tó fi máa di 2015, 26 péré ló kù tó ṣì tóbi tó láti kà. Bí yìnyín ti ń súnkì ni ibùgbé kòkòrò náà ń súnkì. Ní 2007, àwọn ajàfúnẹ̀dá kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi òfin dáàbò bò ó, ó sì di 2019 kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀, pọ̀ mọ́ ti ìbátan rẹ̀ Zapada glacier, sínú àkójọ àwọn ẹ̀dá tí ewu ń wu. Ọdún 12 nìyẹn. Òfin ti wà, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó lè dúró ti yìnyín kí ó má yọ́. Ooru gbogbo ayé ló ń yọ́ ọ.

Ti Kogí kì í gbé létí yìnyín. Òtútù tirẹ̀ ni pé kí omi má gbóná tó ilẹ̀ tó yí i ká. Omi tó tutù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ: bí ooru omi bá wà ní ìwọ̀n 20, lítà kan lè gba tó mílígíráàmù 9, bí ó bá gòkè dé 30, yóò wálẹ̀ sí bíi 7.5. Bẹ́ẹ̀, bí omi ti ń gbóná sí i ni ara kòkòrò ń béèrè ọ́síjìn sí i. Ohun tó nílò ń pọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò abẹ́-òkúta fi jẹ́ ẹ̀dá tó máa ń kọ́kọ́ kú tàbí tó máa ń kọ́kọ́ sá bí omi bá gbóná tàbí tó dọ̀tí, tí àwọn tó ń yẹ omi wò káàkiri ayé sì fi ń ka wíwà rẹ̀ sí ẹ̀rí omi tó dára. Ní Montana, yìnyín ló ń fún un ní òtútù. Ní Yàgbà, omi tó ń ti inú àpáta jáde àti igi tó bo ojú omi ni. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tó yìnyín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìlú tó igi. Lórí èyí ni a gbé gbogbo iṣẹ́ náà kà, èmi sì gbà títí di òní pé òun ni ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹni tó ń dáàbò bo kòkòrò ní ilẹ̀ wa máa rántí.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé a bá ìlú sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò náà ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. Olùkọ́ gbé àwòrán rẹ̀ hàn, ó ṣàlàyé bó ti ṣọ̀wọ́n tó. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ ọ. Bàbá kan dìde, ó kí wa dáadáa, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa. Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni, àbí wọ́n ń tà á?” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Bí àgbẹ̀ ti ń wádìí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá bá a nìyẹn. A dáhùn pé wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í sì í tà á, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀ fún àwọn kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìròyìn kan ti gba ìlú pé kòkòrò tí àwọn olùkọ́ rí nínú odò ni amùkúrù, kòkòrò tó ń fọ́ni lójú. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá Kogí tí Yàgbà wà lára wọn, lè rò pé àhesọ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn ìfọ́jú etí odò tí amùkúrù ń gbé kiri ti jẹ àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ níyà, wọ́n mọ ara yíyún àti ojú tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mọ oògùn Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, èyí tí ilé-iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí láti 1987 pé àwọn yóò máa fi tọrẹ níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì nílò rẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé inú omi tó ń sáré lórí òkúta ni amùkúrù ń yé sí, irú ibi tí a ti rí kòkòrò tiwa gan-an. Èrò wọn bá ohun tí wọ́n mọ̀ mu, àṣìṣe kan péré ló wà nínú rẹ̀: kòkòrò tiwa kì í ṣe amùkúrù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mú àbá wá pé kí wọ́n dá owó, kí wọ́n ra oògùn apakòkòrò, kí wọ́n dà á sí odò láti ìsun wá. Ó ti gbọ́ pé ìjọba fi ọkọ̀ òfuurufú da oògùn sí odò níbòmíràn. Òtítọ́ wà nínú èyí náà. Láti 1974 sí 2002, ètò kan tó gbógun ti àrùn ìfọ́jú etí odò ní orílẹ̀-èdè 11 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà da oògùn sí odò, Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè náà. Àwọn onímọ̀ ló ń wọn oògùn yẹn, tí wọ́n ń yàn án, tí wọ́n sì ń yẹ omi wò lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ rà ni èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún oko, kí wọ́n dà á sínú omi tí ìyá rẹ̀ ń mu.

Ìkìlọ̀ láti ẹnu wa kò ní tó. A bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fún wa ní àyè láti fi ohun tó wà nínú omi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, wọ́n sì yan ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

A gbé abọ́ tánganran funfun méjì lọ sí etí odò. A bu omi odò sínú méjèèjì. Sínú ọ̀kan, a fi ewé kan tí a yọ láti ibi tí omi ti ń sáré jù, tí ọmọ amùkúrù díẹ̀ lẹ̀ mọ́: wọ́n kéré, ìdí wọn wú, wọ́n di ewé mú pẹ̀lú ìdí, wọ́n na orí síbi tí omi ń ṣàn lọ láti máa sẹ́ oúnjẹ tó ń kọjá. Sínú èkejì, a fi kòkòrò abẹ́-òkúta méjì. Ẹni tó bá fi ojú rí méjèèjì kò tún lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ya síbẹ̀, àwọn obìnrin tó wá pọn omi tẹ̀ lé wọn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà sì wà níbẹ̀. A ṣàlàyé pé èyí tó ní ìrù méjì kì í ta ènìyàn, kì í mu ẹ̀jẹ̀, pé bó bá hu ìyẹ́ tán, ìgbà díẹ̀ ló ń lò láyé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. A ní ọdẹ ni nínú omi, pé ọmọ amùkúrù wà lára ohun tí irú rẹ̀ máa ń pa jẹ, àti pé oògùn oko tó bá pa ọ̀kan yóò pa èkejì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lọ́wọ́, oòrùn ti yí, ó ti kan abọ́. Omi inú rẹ̀ kò ṣàn, ó sì ń gbóná. Lójijì, kòkòrò méjèèjì na ẹsẹ̀ wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọnin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara sókè, wọ́n ń gbé e wálẹ̀, sókè, sílẹ̀, léraléra. Bí ọ́síjìn bá ń tán nínú omi ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí omi lè máa fẹ́ kọjá lára ohun tí wọ́n fi ń mí. A kò tíì sọ nǹkan kan nígbà tí màmá àgbà kan tẹ̀ síwájú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó fẹjú mọ́ abọ́. Ó ní, “Ó ń mí hẹlẹ. Ẹ wò ó, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè.” Ó bi wá kí ló fà á. A ní omi ló gbóná fún un. Màmá yìí dìde, ó yíjú sí ìsàlẹ̀ odò níbi tí kajú wà, ó ní, “Nígbà tí omi ọ̀hún bá gbóná tó báyìí lọ́hùn-ún ńkọ́?”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tún mẹ́nu ba oògùn láti ìsun wá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa, nítorí pé èdè wọn ló fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan òfin. Àwọn àgbà mú àbá wá pé kí wọ́n tún èèwọ̀ àtijọ́ gbé dìde, nítorí pé láyé àtijọ́ ẹnikẹ́ni kì í fọ aṣọ tàbí kó ṣán igi lókè odò nítorí ẹbọra tó ni ibẹ̀. Àbá náà ní ìtumọ̀, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ìran tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní àwọn kò lè sọ fún ìjọ pé kí wọ́n pa òfin ẹbọra mọ́, ìmáàmù sì wà lẹ́yìn wọn. Ìpàdé pín sí méjì, ọ̀rọ̀ odò fẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sì sí ohun tó lè tètè pa irú iṣẹ́ yìí bíi kí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Àwọn obìnrin ló tú u. Ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fùfú ní ohun tó jẹ òun lógún ni omi, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́, kó pe ìdí rẹ̀ ní ohun tó wù ú. Ó wá sọ ohun tí a kò retí. Ó ní àwọn gan-an ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú odò, omi ẹ̀gẹ́ kíkan náà sì ń ṣàn lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà àwọn ni yóò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Láàárín oṣù kan, ẹ̀gẹ́ kúrò nínú odò, ó bọ́ sínú àgbá lẹ́yìn ilé, wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré tí wọ́n ń da omi rẹ̀ sí. Kò rọrùn fún wọn. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ní láti gbé omi wálé kí wọ́n tó rẹ ẹ̀gẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá ní kí àwọn ọkùnrin má ṣan pọ́ǹpù oògùn nínú odò mọ́, kò sí ọkùnrin tó lè dá wọn lóhùn pé ẹ̀yin náà ńkọ́. Òfin tó wá jáde kúrú: a kò gbọdọ̀ da oògùn kankan sí odò, a kò gbọdọ̀ ṣan pọ́ǹpù sínú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gé igi kankan láti ìsun títí dé ibi tí afárá wà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni yóò máa ṣọ́ ọ, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń débẹ̀ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọn kò kọ orúkọ kòkòrò sínú rẹ̀ rárá, a kò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́.

Bàbá tí oko kajú rẹ̀ dé bèbè ló kù. Ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ni, kò jí i. Nígbà tí a lọ kí i, ó gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nípò rẹ̀ yóò béèrè: “Ṣé kòkòrò ni yóò san owó ilé-ìwé ọmọ mi?” A kò bá a jiyàn. A bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa rìn nínú omi lọ́sàn-án kan ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru mú gan-an. Olùkọ́ fún un ní tẹmọ́mítà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ omi. Lábẹ́ igbó, ó kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́. A rìn lọ sísàlẹ̀. Bí a ti jáde síbi tí oòrùn ti ń jó ojú omi, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó dúró, ó gbé e sójú, ó tún un tì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí kò gba ohun tó rí gbọ́. Omi kan náà ni, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín, ooru rẹ̀ sì ti gòkè lọ́nà tí ẹsẹ̀ pàápàá mọ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ibú kan wà níhìn-ín nígbà tí òun kéré, pé àwọn a máa kó edé àti akàn níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tọ́ka sí i. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi tí kò bo kókósẹ̀.

Ìjíròrò tó tẹ̀ lé e gba àkókò nítorí pé ẹbí ló ni ilẹ̀, wọ́n sì ní láti jọ fẹnu kò. Ibi tí wọ́n parí sí ni pé kajú tó ti ń so kò ní di gígé. Fún ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ àgbàlagbà láti bèbè, wọn kò ní gbin kajú tuntun, wọn kò ní fọ́n oògùn, wọn yóò sì jẹ́ kí igi hù padà. A kò ní kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán. A jọ gbin ọ̀gọ̀rọ̀ síbi tó tutù, fún ẹmu àti fún ewé rẹ̀, a sì gbin àpọ̀n síbi tó gbẹ díẹ̀, nítorí pé hóró àpọ̀n ń tà dáadáa lọ́jà, igi rẹ̀ sì máa ń ṣe ibòji tó nípọn. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn: kòkòrò kò lè san owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n igi tó ń bo kòkòrò lè ràn án lọ́wọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kejì, ẹnì kan da oògùn sí ibú kan ní àárín odò lóru. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ rí i ní ìdájí: edé kéékèèké ti pọ́n, wọ́n léfòó, ẹja kékeré ń yí po. Wọ́n dá gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá pọn omi padà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí akéde. Nígbà tí a yí òkúta nísàlẹ̀ ibú náà, òkú kòkòrò abẹ́-òkúta ni a ń rí. Ojú gbogbo wa ro, mi ò sì lè sọ ọ́ kí ó má dùn mí.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ ẹni tó ṣe é kó tó di alẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní àgbègbè wa ni yóò bu owó ìtanràn, tí owó náà yóò sì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn obìnrin kò gbà. Wọ́n ní kí ẹni tó ṣe é san owó omi táńkà tí a gbé wá fún ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé ní gbogbo ọjọ́ tí odò kò ṣe é mu. Iye ìyà bá iye ìpalára mu, gbogbo ènìyàn sì rí ọkọ̀ omi náà tó ń wọlé. A kò tún gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn òjò, àwọn kòkòrò kéékèèké tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ òkúta ní àárín odò. Ibi tí wọ́n ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Oògùn kò kan apá òkè, ní tòsí ìsun. Omi a máa gbé ọmọ kòkòrò wálẹ̀ láti òkè, àwọn tó bá sì ti hu ìyẹ́ a máa fò káàkiri lóru láti yé ẹyin. Ká ní láti ìsun ni wọ́n ti da oògùn, gẹ́gẹ́ bí àbá àkọ́kọ́ ti wí, kò sí ibi tí wọn ì bá ti padà wá, nítorí kò sí wọn nínú àwọn odò tó wà nítòsí.

Fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ìsun ni kí a kọ́kọ́ dáàbò bò, kódà bí ewu tó hàn sójú bá wà nísàlẹ̀. Owó tàbí agbára tí kò bá tó gbogbo odò, kí a ná an sí òkè, nítorí ibẹ̀ ni ìwòsàn ti ń ṣàn wá. Èkejì ni pé kí a wádìí ohun tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ nípa kòkòrò inú omi kí a tó gbé tiwa kalẹ̀. Níbikíbi tí àrùn ìfọ́jú etí odò bá ti jà, kí abọ́ méjì náà ṣáájú ìpàdé. Kí a fi amùkúrù hàn, kí a fi èkejì hàn, kí àwọn tó ń pín Mectizan sì wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn ará ìlú gbà wọ́n gbọ́.

Nípa wíwọn ooru omi, mo ti rí ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ibi tutù bákan náà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gígé igi kò ṣe nǹkan kan. Oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni kí a wọ̀n ọ́n, láàárín aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, níbi tí omi ti ń ṣàn, kì í ṣe nínú omi tó dúró létí bèbè, kí tẹmọ́mítà sì wà lábẹ́ ibòji ara ẹni tó mú un dání. Bí a bá ń ka kòkòrò, iye òkúta kan náà ni kí a máa yí nígbà gbogbo, kí a sì dá òkúta padà bí a ti bá a, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ilé wọn. Kòkòrò tí a bá mú síta kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú abọ́. Bí ó bá ti ń gbé ara sókè sílẹ̀, kí a dá a padà sínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Àpọ̀n tí a gbìn ṣì kéré, oòrùn ṣì ń kan omi ní ìsàlẹ̀ odò, a kò sì tíì rí kòkòrò kankan ní apá ibẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ àti ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ onífùfú ni tẹmọ́mítà àti ìwé àkọsílẹ̀ wà báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ooru omi, àwọn obìnrin ń kọ ọjọ́ tí omi bá yí àwọ̀ tàbí tí wọ́n bá rí òkú edé. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ afárá, tí omi kan náà ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ wọn, ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é. Àwọn obìnrin ni wọ́n yàn láti lọ, wọ́n sì ti ní kí a ya abọ́ tánganran méjèèjì fún wọn.